Tágẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí n sùn mọ́: ṣé ọ̀lẹ ni mí ni, àbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Máàkẹ́tà ni mí ní báńkì kan ní Èkó, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Erékùṣù Èkó ni ọ́fíìsì wa wà. Mo máa ń jáde nílé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń wọlé. Tágẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù owó tuntun ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, ₦17 mílíọ̀nù ni mo rí. Àwọn ọlọ́jà Balógun àti Ìdúmọ̀tà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí mo bá rí èèyàn márùn-ún lójúmọ́, mo ti gbìyànjú nìyẹn. Nínú èèyàn mẹ́jọ, ẹnì kan ló máa ń ṣí àkáǹtì, owó tó sì máa ń dúró níbẹ̀ kì í ju nǹkan bí ₦400,000 lọ. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àyà mi á ti máa já. Mo máa ń jí ní aago mẹ́ta òru, oorun kì í sì í padà wá. Bí oníbàárà bá pè mí lórí fóònù, inú á ti bí mi kí n tó gbé e. Mo tún ti ń fi owó àjọ mi sínú àkáǹtì àwọn èèyàn kí ó lè dà bíi pé mo ń ṣe dáadáa. Màmá mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí, pé ẹgbàágbèje èèyàn ló ń wá iṣẹ́ báńkì. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ilé-ìwé ọmọ ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kọ́ lèyí rárá. Ẹ má bá Màmá jiyàn. Nígbà tiwọn, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ báńkì ń jókòó sẹ́yìn káńtà ni, oníbàárà ló ń wá bá a. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n mọ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí ọkọ yín ní kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì: ẹ lọ yẹ ara yín wò, ẹ ṣírò tágẹ́ẹ̀tì yẹn sórí ìwé, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé ìwé ọ̀hún lọ bá ọ̀gá yín. Ohun kẹrin kò gbọdọ̀ di ọ̀la: ẹ má fi kọ́bọ̀ yín sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni mọ́. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe ni àwọn onímọ̀ ń pè ní burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tánni lágbára pátápátá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìpín àìsàn wọn, ICD-11, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2022. Wọn kò kà á mọ́ àìsàn. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, pé másùnmáwo iṣẹ́ tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó ló ń bí i. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀. Agbára á tán lára àti lọ́kàn. Ọkàn á kúrò lára iṣẹ́ náà, tí ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ọn á máa súni tàbí kó máa bíni nínú. Ẹni náà á sì máa rí i pé ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ kò bọ́ sí òun lọ́wọ́ mọ́. Bí a bá wo lẹ́tà yín, méjì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ kedere. Ìkẹta ni a fẹ́ kí ẹ rọra gbà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣì mọ iṣẹ́ yín dáadáa, kó jẹ́ pé tágẹ́ẹ̀tì ni kò ṣeé bá.

Àmì kejì, ìyẹn ìbínú sí fóònù oníbàárà, ló máa ń ba àwọn òǹtajà lẹ́rù jù. Wọ́n á rò pé ìwà àwọn ló ti bàjẹ́. Ẹ wò ó báyìí: nínú èèyàn mẹ́jọ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, méje ló ń kọ̀. Ẹ ní láti rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèje bí ẹni pé kò dùn yín, kí ẹ lè tún wọ ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Ẹ̀rín yẹn iṣẹ́ ni, ó sì ń gba agbára bíi gbígbé ẹrù, àmọ́ kò sí ẹni tó ń kà á mọ́ iṣẹ́. Tó bá pẹ́, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn èèyàn tó ń ná an ní agbára náà.

Kí ló dé tí iṣẹ́ títa nǹkan fi ń ṣe báyìí ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ? Ní 1979, Robert Karasek, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé iṣẹ́ pípọ̀ nìkan kọ́ ló ń wó èèyàn. Èyí tó léwu jù ni iṣẹ́ tó pọ̀ tí ẹni tó ń ṣe é kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Owó tí wọ́n ní kí ẹ mú wá, àpò ẹlòmíì ló wà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń pinnu èlé tí báńkì ń san. Bí owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ bá há sáàárín méjì, tàbí tí káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló máa pè tí yóò sì bú, nítorí nọ́ńbà yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Johannes Siegrist ní Jámánì wá fi kún un ní 1996 pé ara máa ń sanwó rẹ̀ nígbà tí ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ bá ju ohun tó ń gbà padà lọ, kì í sì í ṣe owó oṣù nìkan ló ń sọ: ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìdánilójú pé iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́la náà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ń pariwo lé lórí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́ Ajé kò rí ọ̀kankan gbà nínú méjèèjì.

Nǹkan mìíràn tún wà tó jẹ́ ti òǹtajà gan-an. Bí ẹ bá bá tágẹ́ẹ̀tì lóṣù mẹ́ta yìí, wọ́n á gbé e ga ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Kò sí ọjọ́ tí ẹ lè sọ pé ẹ ti ṣe é tán. Ìdí nìyí tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì nìkan kò fi ń wo àárẹ̀ yìí sàn. Ohun tó ń fà á á wà níbi tí ẹ fi í sí, á máa dúró dè yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà. Àárẹ̀ ń jọ ọ̀pọ̀ nǹkan, ẹ kò sì gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ ló fà á láìṣe àyẹ̀wò. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà bíi mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́. Kí wọ́n yẹ PCV yín wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì ń mú àárẹ̀ àti kí àyà máa já wá. Kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀, kí wọ́n sì wo ẹṣẹ́ tairọ́ìdì tó wà ní ọrùn, nítorí bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á lé oorun lọ, á sì mú kí àyà máa sáré. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbí ni pé èèyàn á gbé oògùn ibà mì, á tún gbé ti táífọ́ọ̀dù mì, oṣù mẹ́ta á lọ láìsí àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Bí báńkì tàbí ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ bá fi yín sínú ètò HMO, ìyẹn ètò ìlera tí ilé iṣẹ́ ń san owó rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó kan ìtọ́jú ọpọlọ pẹ̀lú. Àwọn kan ń san án, òṣìṣẹ́ ni kò mọ̀.

Kí ẹ tún ní kí dókítà bá yín ṣe ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ló ń béèrè nípa rẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 27 lọ. Bí ó bá tó 10, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó nílò ìtọ́jú ló wà níbẹ̀, yálà iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí nǹkan míì. Ọ̀nà kan láti fura ni pé àárẹ̀ iṣẹ́ máa ń fúyẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá jìnnà sí iṣẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í sábà fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bá èèyàn dé òde àríyá, ó ń bá a dé ìdí ọmọ rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ohunkóhun dùn mọ́ ọn. Ìbéèrè kẹsàn-án nínú ìwé yẹn jẹ́ nípa èrò pé kí èèyàn kú tàbí kó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ti wá sọ́kàn yín, kódà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ sọ fún ọkọ yín lónìí, kí ó sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tàbí ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Àwọn tí kò sí ní Èkó lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta tàbí UCH ní Ìbàdàn. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 tàbí 767.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ ra bromazepam tàbí diazepam ní kẹ́míìsì pé kí ẹ lè sùn. Àwọn máàkẹ́tà kan ń lò ó, wọ́n sì ń fún ara wọn. Ó ń mú oorun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ara á ti mọ́ ọn, bí ẹ bá wá dá a dúró lójijì, àìsùn á padà wá pẹ̀lú àníyàn tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tramadol, oògùn ìrora, burú jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe láìsí oògùn ni pé kí ẹ má mu kọfí tàbí àwọn ohun mímu agóló tó ń fúnni lágbára, kí ẹ má sì jẹ obì, lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Ó gbà tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì kaféènì inú wọn tó kúrò lára. Bí ẹ bá jí ní aago mẹ́ta, ẹ má wo aago, ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù. Tó bá ti tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò padà, ẹ dìde, ẹ jókòó níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, ẹ padà sórí ibùsùn nígbà tí ojú bá ń kún.

Ó wá kan ìṣirò. Iye tí ẹ fúnra yín kọ sí wa la ó lò.

₦50 mílíọ̀nù, bí a bá pín in sí ₦400,000 lọ́nà-lọ́nà, jẹ́ àkáǹtì tuntun 125. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló ń gbà, ẹ ní láti bá èèyàn 1,000 sọ̀rọ̀ kí 125 tó ṣí àkáǹtì. Oṣù mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 65, bí a kò bá tilẹ̀ yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Èèyàn 1,000 ní ọjọ́ 65 ju èèyàn 15 lọ lójúmọ́. Ẹ ní márùn-ún lẹ lè rí. Márùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ 65 jẹ́ 325. Ẹnì kan nínú mẹ́jọ wọn jẹ́ 40. Àkáǹtì 40 tí ₦400,000 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦16 mílíọ̀nù.

Ẹ̀yin sì mú ₦17 mílíọ̀nù wá.

Ẹ rí i pé ẹ kò kùnà níbi kankan nínú iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti ẹnu lè ṣe. Ẹni tó fi tágẹ́ẹ̀tì lélẹ̀ kò ṣe ìṣirò yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ilé iṣẹ́ gbé iye kan kalẹ̀, wọ́n pín in sí ẹ̀ka, ẹ̀ka náà pín in sí orí àwọn máàkẹ́tà, kò sì sí ẹni tó béèrè iye wákàtí tó wà nínú ọjọ́. Ẹ kọ ìṣirò yìí sójú ìwé kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ara yín. Kí ẹ sì ka ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ ní kíkún: iye èèyàn tí ẹ bá sọ̀rọ̀, iye tó gbà, iye owó tó dúró, iye wákàtí tí ẹ lò nínú ọkọ̀, iye tí ìpàdé àti ìwé kíkọ jẹ. Ìwé yìí ni ẹ ó gbé lọ bá ọ̀gá.

Ohun mẹ́ta ló ṣeé yí nínú ìṣirò náà. Iye èèyàn tí ẹ ń rí ni gbogbo ọ̀gá máa ń pariwo lé, òun gan-an ló sì ń tán yín lágbára. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò ní jẹ́ kó pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní márùn-ún. Ẹ dojú kọ iye owó tó ń dúró nínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà iye èèyàn tó ń gbà. Bí owó tó ń dúró bá di ₦800,000, tí ẹnì kan nínú mẹ́fà bá ń gbà dípò mẹ́jọ, èèyàn 325 kan náà á mú àkáǹtì 54 wá, ₦43 mílíọ̀nù ó lé díẹ̀. Kò tíì tó 50, ẹ kò sì ní láti fi èyí pamọ́ fún ọ̀gá yín.

Báwo ni ẹ ó ṣe dé ibẹ̀? Ẹ má wá ojú tuntun kiri. Gbogbo ọlọ́jà tó ti fọkàn tán yín ní Balógun ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan tó jù ú lọ. Ẹ béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ rẹ̀: “Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ra ọjà, ṣé ẹ lè bá mi pè é?” Ọlọ́jà ńlá tí oníbàárà rẹ̀ bá yín pè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, owó tó ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́ sì pọ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá. Àwọn ilé-ìwé aládàáni náà wà. Èyí tó ní ọmọ 300, tí owó sáà kan jẹ́ ₦60,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ń gba ₦18 mílíọ̀nù wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ṣùgbọ́n oṣù Keje àti Kẹjọ ni kí ẹ lọ bá wọn, kí wọ́n tó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sórí ìwé owó ilé-ìwé. Bí ìwọlé bá ti dé, ó ti pẹ́. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ àwọn onílé ní Ìkòròdú níbi tí ẹ ń gbé. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń ṣèpàdé, nítorí náà ẹ mú ọ̀kan péré lóṣù, kí ọjọ́ ìsinmi yín má bàa di ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ máàkẹ́tà kò béèrè rí: báwo ni wọ́n ṣe ń wọn tágẹ́ẹ̀tì yẹn? Ṣé iye tó wà nínú àkáǹtì ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni, àbí ìpíndọ́gba ojoojúmọ́? Ṣé wọ́n ń yọ owó tó bá jáde kúrò nínú tuntun tí ẹ mú wọlé? Bí wọ́n bá ń yọ ọ́, oníbàárà àtijọ́ tó kó ₦3 mílíọ̀nù lọ ti gbé iṣẹ́ yín ti ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, tí ẹ fi pe oníbàárà àtijọ́ márùn-ún láti béèrè àlàáfíà wọn, lè sàn ju ṣọ́ọ̀bù tuntun méjì lọ. Kò sì rẹni tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí ti mọ̀ yín.

Láti òní lọ, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ fi máa díwọ̀n ọjọ́ yín: ìpè márùn-ún, àbẹ̀wò márùn-ún, orúkọ méjì tí oníbàárà fún yín. Bí ẹ bá ti ṣe é, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, yálà ẹnì kan ṣí àkáǹtì tàbí kò ṣí i. Ọkàn nílò ibi tí iṣẹ́ ti ń parí.

Ní ti owó àjọ yín. Ẹ yọ èyí tó bá ṣeé yọ, kí ẹ sì dáwọ́ dúró. Yàtọ̀ sí pé owó ara yín lẹ ń kó sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ ń purọ́ fún ìṣirò tó lè gbà yín: ₦17 mílíọ̀nù tí owó yín wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ₦17 mílíọ̀nù, wọ́n á sì fi í gbé tágẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ ka orí yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí ẹ fi BVN tàbí NIN èèyàn ṣí àkáǹtì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ẹ kọ̀ ọ́, nítorí orúkọ yín ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àwọn aláṣẹ ní Amẹ́ríkà bu ìtanràn $185 mílíọ̀nù lé báńkì Wells Fargo, nítorí àkáǹtì tó ṣeé ṣe kó tó mílíọ̀nù méjì tí òṣìṣẹ́ ṣí láìgba àṣẹ oníbàárà, kí wọ́n lè bá tágẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ bíi 5,300 ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn kí ọ̀gá pátápátá tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, kì í sì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹ tọrọ ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin, ẹ lè sọ báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ kí tágẹ́ẹ̀tì yìí ṣeé ṣe. Mo ka ọjọ́ iṣẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí mo rí nìyí. Mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà wá oníbàárà padà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ jẹ́ kí àdúgbò kan jẹ́ tèmi, kí n má bàa máa pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí ẹ sì bá mi wo ₦40 mílíọ̀nù fún oṣù mẹ́ta yìí.” Ẹ gbé ìwé náà sáàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tó máa ń ba ìjíròrò yìí jẹ́ ni kí èèyàn fi orúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wé ti ara rẹ̀, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe pariwo lé e. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àìsàn náà; ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti dókítà títí ẹ ó fi nílò ìsinmi. Bí ẹ bá padà sí àga yín, ẹ fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ tó sọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ọ̀gá míì kò ní gbà. Ímeèlì yẹn á ṣì wúlò.

Ẹ kò mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó wọ́pọ̀: oníbàárà tó ní òun yóò fi owó sílẹ̀ bí máàkẹ́tà bá wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò sí tágẹ́ẹ̀tì tó tó bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí ti báńkì ni kí ẹ ti pàdé rẹ̀, kí ẹlẹgbẹ́ kan bá yín lọ, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ilé iṣẹ́ létí nínú ìwé.

Ẹ ń lo wákàtí mẹ́rìndínlógún ààbọ̀ lóde lójúmọ́. Méje ààbọ̀ ló kù fún oúnjẹ, ọmọ, ọkọ, ìwẹ̀ àti oorun. Ní 2021, WHO àti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé ìwádìí jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Bí ẹ bá ka àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ ń dáhùn lálẹ́ mọ́ iṣẹ́, ó dájú pé ẹ ti kọjá 55. Ẹ pa ìró ẹgbẹ́ WhatsApp ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ sí á pè yín. Bí ọkọ̀ ojú omi láti Èbúté Ìkòròdú bá bá àkókò yín mu, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ ka wákàtí tó dá padà fún yín. Ní ti àyà tó ń já ní ọjọ́ Àìkú, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ Ajé sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọkàn kì í wulẹ̀ máa yẹ ohun tó ti wà nínú ìwé wò léraléra.

Ìsinmi wá ńkọ́? Ẹ gbà á, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó, ó sì tún fi tó ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún sílẹ̀ fún àìsàn bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá kọ ọ́. Òfin náà kò kan gbogbo ipò, nítorí náà ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Ó lè fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ oníbàárà mẹ́wàá tó ṣe kókó fún ẹlẹgbẹ́ kan, kí ẹ sọ fún wọn pé òun ni kí wọ́n pè. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lè máà tura, ọwọ́ yín á máa wá fóònù. Ẹ má fi ọjọ́ Ajé ṣe ọjọ́ ìpadàsẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá padà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ ó ṣe kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, ẹ kò sì ní bọ́ sí àárín ìpàdé.

Ẹ fún gbogbo èyí ní oṣù mẹ́ta. Bí àlùbáríkà kò bá sí, tí ọ̀gá kò yí ohunkóhun padà, tàbí tí dókítà bá sọ pé ara yín ń burú sí i kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, a dúró pẹ̀lú ọkọ yín: ẹ fi í sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àyè wà ní ẹ̀ka míì nínú báńkì náà níbi tí kò ti sí tágẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú owó oúnjẹ àti ilé-ìwé tó lè gbé yín fún oṣù mẹ́ta. Owó àjọ tí ẹ yọ padà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tí ìwé àdéhùn yín béèrè, nítorí bí ẹ bá lọ láìṣe é, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó yín. Ẹ yẹ àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín wò kí ẹ rí i pé wọ́n ti san gbogbo oṣù tí wọ́n jẹ. Òfin gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún tí kò sì ríṣẹ́ míì láàárín oṣù mẹ́rin láyè láti mú tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ẹ má kó orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà báńkì sínú fóònù yín jáde, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 lè mú yín. Kí ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé ẹ kò jẹ báńkì ní gbèsè kankan kí ẹ tó dá káàdì ìdánimọ̀ yín padà.